Ulric Cross, ẹni tó mọ ọ̀nà Berlin lóru

Ní oṣù Kìíní ọdún 1945, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fi àmì ẹ̀yẹ ogun Distinguished Service Order, DSO, dá ọmọ Trinidad, erékùṣù kan ní Caribbean, lọ́lá. Philip Louis Ulric Cross ni orúkọ rẹ̀, ọmọ ọdún 27 sì ni nígbà náà. Ṣáájú ìgbà yẹn, ní oṣù Kẹfà 1944, wọ́n ti fún un ní àmì ẹ̀yẹ mìíràn, Distinguished Flying Cross, DFC. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, ó ń bá ọkọ̀ òfuurufú lọ ju bọ́ǹbù sí Jámánì, ṣùgbọ́n òun kọ́ ló ń wa ọkọ̀ náà. Kò yìnbọn lu ọ̀tá kankan lójú ọ̀run, torí pé ọkọ̀ tó ń wọ̀ kò tilẹ̀ ní ìbọn. Ohun tó ṣe tí wọ́n fi yẹ́ ẹ sí ni pé ó mọ ọ̀nà. Ìwé tí wọ́n fi kéde DSO náà dárúkọ Berlin, Hamburg, Ludwigshafen àti àwọn ìlú ilé-iṣẹ́ agbègbè Ruhr ní Jámánì, ó sì sọ gbangba pé ìmọ̀ ìtọ́nà rẹ̀, tó ta yọ, wà lára ohun tó jẹ́ kí iṣẹ́ náà yọrí sí rere.

Iṣẹ́ sọ̀féyọ̀ ni mò ń ṣe ní Òṣogbo níbí. Ilẹ̀ ni mò ń wọ̀n, òpó ni mò ń rì, igun ni mò ń kà. Ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ Cross fi wọ̀ mí lára ju ti àwọn awakọ̀ bàálù tí gbogbo ayé ń kan sáárá sí lọ. Bí wọ́n bá ń sọ ìtàn ogun òfuurufú, ẹni tó di ọwọ́ ọkọ̀ mú ni wọ́n máa ń sọ̀rọ̀ rẹ̀. Ẹni tó jókòó tì í, tó gbé máàpù lé orúnkún, tó ń sọ fún un pé kó yà sọ́tùn-ún díẹ̀, pé ó ku ìṣẹ́jú mẹ́rin, ẹni yẹn kì í sábà ní orúkọ. Òun ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ lónìí, mo sì fẹ́ sọ ọ́ tẹ́rùn.

Ẹnu obìnrin ará Trinidad kan tó wá ṣọdún Ọ̀ṣun ni mo ti kọ́kọ́ gbọ́ orúkọ Cross. Ó wọ aṣọ funfun gbòò, ó ń kọ orin Ògún tí ìyá rẹ̀ àgbà kọ́ ọ, Yorùbá sì ni orin náà bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun fúnra rẹ̀ kò gbọ́ gbogbo ọ̀rọ̀ inú rẹ̀. Nígbà tó gbọ́ pé sọ̀féyọ̀ ni mí, ó ní, "Ẹ̀yin gan-an lẹ máa mọyì Justice Cross." Ó ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ bí ẹni ń sọ ti bàbá tó bí i lọ́mọ. Ó sọ fún mi nípa Belmont, àdúgbò ní Port of Spain níbi tí Cross ti dàgbà. Lẹ́yìn tí Gẹ̀ẹ́sì fòpin sí òwò ẹrú, àwọn ọmọ Áfíríkà tí wọ́n gbà sílẹ̀ nínú ọkọ̀ àwọn oníṣòwò ẹrú tẹ̀dó sí Belmont. Àwọn ará Dahomey tí wọ́n ń pè ní Rada ní agbolé tiwọn níbẹ̀. Mi ò sọ pé ọmọ Yorùbá ni Cross o. Ohun tí mò ń sọ ni pé ibi tó ti wá kì í ṣe ilẹ̀ àjèjì sí wa.

Ọmọ kejì nínú mẹ́sàn-án ni. Orí rẹ̀ pé: ọmọ ọdún 11 ló wà nígbà tó yege ìdánwò ìjọba tó gbé e wọ St Mary's College lọ́fẹ̀ẹ́. Ṣùgbọ́n ìyá rẹ̀ kú nígbà tó wà ní ọmọ ọdún 13, ìwé rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í fà sẹ́yìn láti ìgbà náà. Kò rí sìkọ́láṣíìpù tí ì bá gbé e lọ sí yunifásítì. Ó ṣiṣẹ́ níléeṣẹ́ ìwé ìròyìn Trinidad Guardian, ó ṣe akọ̀wé lọ́dọ̀ lọ́yà kan, ó sì ṣiṣẹ́ ní reluwé ìjọba. Bẹ́ẹ̀ ló wà tí ogun fi dé.

Àwọn àgbà tiwa máa ń pè é ní ogun Hítílà. Èyí tó pọ̀ jù nínú ìtàn tí wọ́n sọ fún wa nípa rẹ̀, ìtàn Bọ́mà ni: igbó, ẹrẹ̀, òjò, àwọn ará Japan. Ẹ lè rí ìyẹn ní ìlú èyíkéyìí nílẹ̀ Yorùbá, kò sí àdúgbò tí kò ní bàbá Bọ́mà tirẹ̀ nígbà tí mo wà ní kékeré. Ti òfuurufú ni a kì í gbọ́, bẹ́ẹ̀ àwọn ọmọ wa wà níbẹ̀. Peter Thomas, ọmọ Èkó, ni ọmọ Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà àkọ́kọ́ tó di ọ́fíísà nínú RAF, ẹgbẹ́ ọmọ ogun òfuurufú ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Akin Shenbanjo gba DFC tirẹ̀ nínú ọkọ̀ Halifax, níbi tó ti ń bójú tó rédíò, òun ni àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tìtorí rẹ̀ kọ "Achtung! The Black Prince" (Ẹ ṣọ́ra! Ọmọọba Dúdú) sí ara ọkọ̀ wọn. Johnny Smythe, ọmọ Freetown, jẹ́ atọ́nà bíi ti Cross. Wọ́n já ọkọ̀ rẹ̀ lulẹ̀ ní Jámánì ní oṣù Kọkànlá 1943, ó gbọgbẹ́, wọ́n mú un, àhámọ́ ló sì wà títí àwọn ọmọ ogun Rọ́ṣíà fi dé ní 1945.

Kí ogun tó bẹ̀rẹ̀, kò sí èyí tó lè wọlé bí ọ́fíísà nínú wọn. Òfin RAF sọ pé ẹni tí ìran rẹ̀ jẹ́ Òyìnbó ponbele láìní àbùlà nìkan ni wọ́n lè fún ní irú ipò bẹ́ẹ̀. Oṣù Kẹwàá 1939, lẹ́yìn tí ogun ti bẹ̀rẹ̀, ni wọ́n tó gbé òfin náà tì sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó dùn mí pé ìgbà tí wọ́n nílò èèyàn ni wọ́n tó ṣílẹ̀kùn. Síbẹ̀ Cross kò tìtorí ìyẹn jókòó sílé. Ó sọ ọ́ léraléra lọ́jọ́ ogbó rẹ̀ pé ìjọba afipámúni ti fẹ́ bo gbogbo ayé mọ́lẹ̀, Amẹ́ríkà kò sì tíì dá sí ogun náà, òun wá rí i pé ó yẹ kí òun ṣe nǹkan kan. Ó tún gbà pé ọ̀dọ́ ni òun, pé òun fẹ́ rí ayé. Mo fẹ́ràn bó ṣe sọ méjèèjì pọ̀.

Ní 1941 ló wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Britain. Cranwell, ibùdó ìkọ́ṣẹ́ RAF ní England, ni wọ́n ti kọ́ ọ níṣẹ́ rédíò, ó sì jáde ní ọ́fíísà. Lẹ́yìn náà ni ó di atọ́nà, wọ́n sì gbé e lọ sí 139 Squadron, ọ̀kan lára àwọn ọ̀wọ́ ọkọ̀ RAF, ní 1943. Orúkọ mìíràn tí squadron yẹn ń jẹ́ ni Jamaica Squadron, nítorí pé àwọn ará Jamaica ló dáwó jọ tí wọ́n fi ra ọkọ̀ òfuurufú fún un níbẹ̀rẹ̀ ogun. Ẹ wo ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí: àwọn èèyàn tó ń gé ìrèké, tó ń tajà lọ́jà ní Kingston, owó wọn wà nínú àwọn ọkọ̀ tó ń fò lókè Jámánì.

Ẹ jẹ́ kí n wá ṣàlàyé iṣẹ́ náà bó ṣe rí, torí ibẹ̀ gan-an ni mò ń lọ.

Mosquito ni ọkọ̀ tí Cross wọ̀. Pákó ni wọ́n fi ṣe é, pákó fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí wọ́n lẹ̀ mọ́ra, tí igi balsa fífúyẹ́ sì wà láàárín. Irin ṣọ̀wọ́n nígbà ogun, àwọn káfíńtà tó ń ṣe àga àti tábìlì sì wà, wọ́n wá kó wọn jọ láti kan ọkọ̀ òfuurufú. Ẹ́ńjìnnì Rolls-Royce Merlin méjì ló ń gbé e. Eré sísá àti fífò lókè réré ni ààbò rẹ̀. Ó lè sá ju 600 kìlómítà lọ láàárín wákàtí kan. Èèyàn méjì péré ló ń wọ̀ ọ́. Awakọ̀ wà lósì, atọ́nà wà lọ́tùn-ún rẹ̀, ó fà sẹ́yìn díẹ̀, èjìká wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ máa ha ara wọn. Roy Crampton ni awakọ̀ Cross. Kò sí àyè láti na ẹsẹ̀. Máàpù wà lórí itan atọ́nà, iná kékeré kan ló ń tàn sí i, ìbòmú afẹ́fẹ́ ọ́síjìn wà lójú rẹ̀, pẹ́ńsùlù wà lọ́wọ́ rẹ̀. Tí wọ́n bá dé ibi tí wọ́n ń lọ, òun kan náà ni yóò rá pálá lọ sí imú ọkọ̀, tí yóò dojú bolẹ̀ níbẹ̀ láti fi ojú wọn ibi tí bọ́ǹbù máa bọ́ sí. Lẹ́yìn náà ni yóò padà sórí àga rẹ̀ láti wá ọ̀nà ilé.

Kí wọ́n tó gbéra, wọ́n á sọ ìlú tí wọ́n ń lọ fún un, wọ́n á sì sọ bí àwọn onímọ̀ ojú ọjọ́ ṣe rò pé afẹ́fẹ́ máa fẹ́ lókè. Á fa ìlà sórí máàpù. Ìlà náà kì í lọ tààrà. Wọ́n á mọ̀ọ́mọ̀ ṣẹ́ ẹ kọrọ níbi méjì mẹ́ta kí àwọn ará Jámánì má baà tètè mọ ibi tí wọ́n dorí kọ. Fún apá kọ̀ọ̀kan nínú ìlà yẹn ni atọ́nà ti gbọ́dọ̀ ṣírò ibi tí imú ọkọ̀ máa kọjú sí. Ibi tí imú ọkọ̀ kọjú sí àti ibi tí ọkọ̀ ń lọ gan-an kì í ṣe ọ̀kan náà, nítorí afẹ́fẹ́ ń gbé e. Ẹni tó ń tukọ̀ sọdá odò tó ń ṣàn kì í kọjú sí èbúté tó fẹ́ gúnlẹ̀ sí. Òkè odò ló ń kọjú sí, kí omi lè gbé e bọ̀ síbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni atọ́nà ń ṣe, àmọ́ kò rí odò rẹ̀.

Ẹ̀rọ kan wà tí wọ́n ń pè ní Gee. Àwọn òpó rédíò ní England á máa ju àmì sófuurufú, ẹ̀rọ inú ọkọ̀ á wọn bí àmì kan ṣe ṣáájú èkejì tó, atọ́nà á sì fi ìyẹn mọ ibi tó wà lórí máàpù. Ó ṣiṣẹ́ dáadáa títí tí àwọn ará Jámánì fi mọ̀ nípa rẹ̀, tí wọ́n wá ń fi ariwo rédíò dí i. Bí ọkọ̀ bá ti wọ òkè ilẹ̀ Yúróòpù jìnnà, gbogbo ohun tó wà lójú ẹ̀rọ náà á dàrú. Láti ibẹ̀ lọ, aago, kọ́ńpáàsì, eré ọkọ̀ àti ìṣirò ló kù. Nígbà tó di 1944 ni àwọn ọkọ̀ squadron náà bẹ̀rẹ̀ sí í gbé rádà H2S, tó ń fi bí omi àti ilé ṣe tò sórí ilẹ̀ hàn. Ìyẹn ran ni lọ́wọ́, ṣùgbọ́n òun náà fẹ́ ẹni tó mọ ohun tó ń wò.

Láti Norfolk, ní ìlà-oòrùn England, dé Berlin, bí èèyàn bá fò tààrà, ó tó nǹkan bíi 850 kìlómítà. Mo jókòó mo ṣírò rẹ̀. Bí atọ́nà bá ṣi igun kà ní dígírì kan ṣoṣo, nígbà tó bá fi máa dé Berlin, á ti yà kúrò lójú ọ̀nà ní nǹkan bíi kìlómítà 15. Ẹni tó ń wá Òṣogbo á ju bọ́ǹbù sí Ẹdẹ. Ti afẹ́fẹ́ tún burú jù bẹ́ẹ̀. Bí afẹ́fẹ́ tó ń gbá ọkọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bá ń sáré 100 kìlómítà ní wákàtí kan, tí atọ́nà kò sì mọ̀, láàárín ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ó ti gbé e yà ní kìlómítà 50: ẹni tó ń wá Òṣogbo ti dé Ògbómọ̀ṣọ́. Lókè níbi tí Mosquito ń fò, afẹ́fẹ́ tó ju ìyẹn lọ kì í ṣe ohun àrà.

Kì í ṣe ọ̀rọ̀ orí tábìlì lásán ni mò ń sọ. Ní òru ọjọ́ 24 oṣù Kẹta 1944, RAF rán ọkọ̀ tó lé ní 800 lọ sí Berlin. Afẹ́fẹ́ láti àríwá le gan-an lóru ọjọ́ náà, ó le ju ohun tí àwọn onímọ̀ ojú ọjọ́ sọ lọ. Ó fọ́n àwọn ọkọ̀ náà káàkiri. Ọ̀pọ̀ kọjá ìlú láìmọ̀. Nígbà tí wọ́n ń padà, afẹ́fẹ́ gbé àwọn kan gba orí àwọn ibi tí ìbọn ńlá pọ̀ sí jù, èyí tí wọ́n ti ṣètò láti yẹra fún. Ọkọ̀ 72 ni kò padà wálé. Kì í ṣe pé ojora mú àwọn awakọ̀. Afẹ́fẹ́ tí wọn kò kà sí ló gbé wọn lọ.

Nínú iṣẹ́ tiwa, bí a bá fẹ́ wọn ilẹ̀ tó gùn, orí òpó tí a mọ ibi tó wà dájú ni a ti ń bẹ̀rẹ̀. A óò máa ka igun, a óò máa wọn gígùn, láti òpó dé òpó, títí a ó fi parí sórí òpó mìíràn tí a tún mọ̀ dájú. Ibẹ̀ ni àṣìṣe á ti fojú hàn. Bí ìṣirò wa kò bá bá ti òpó ìparí mu, a mọ̀ pé a ti ṣì í níbì kan, a lè padà lọ́jọ́ kejì lọ tún un wọ̀n. Mo ti rí ọ̀gá mi àtijọ́ tó dá gbogbo wa padà sóko nítorí ìdajì ẹsẹ̀ bàtà. Cross kò ní òpó ìparí. Ó dé ibi tí pẹ́ńsùlù rẹ̀ sọ pé Berlin wà, òkùnkùn ló bá níbẹ̀, ìkùukùu bo ilẹ̀, iná ìwáni-kiri ń gbọ́n yẹ́rí lójú ọ̀run, ìbọn ń bú, àwọn ará Jámánì sì ti tan iná ẹ̀tàn sínú oko níta ìlú kí bọ́ǹbù lè bọ́ síbẹ̀. Kò sí ẹni tó máa bi léèrè. Ohun tó kọ sórí ìwé ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá sẹ́yìn ló gbọ́dọ̀ gbà gbọ́.

Ohun tó tún mú kó wúwo ni pé kì í ṣe ara rẹ̀ nìkan ló ń tọ́. Láti oṣù Kẹfà 1943 ni 139 Squadron ti wà lára àwọn Pathfinder, àwọn tó ń ṣíwájú. RAF dá ẹgbẹ́ yìí sílẹ̀ ní 1942 nítorí pé ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ni kì í dé ibi tí wọ́n rán an, bọ́ǹbù wọn ń bọ́ sínú pápá. Don Bennett, ọmọ Australia, ni wọ́n fi ṣe olórí wọn, òun fúnra rẹ̀ sì jẹ́ ọ̀kan lára àwọn tó mọ iṣẹ́ ìtọ́nà jù láyé nígbà náà. Àwọn Pathfinder á ju iná aláwọ̀ pupa, aláwọ̀ ewé tàbí aláwọ̀ ìyeyè sórí ibi tí wọ́n fẹ́ kọlù, àwọn ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọkọ̀ tó ń bọ̀ lẹ́yìn á sì ju bọ́ǹbù sórí iná yẹn. Bí ẹni tó ṣíwájú bá ṣìnà, gbogbo wọn ló ṣìnà. Nígbà mìíràn, Mosquito nìkan ni wọ́n máa ń rán lọ, òru dé, òru dé, kí Berlin má lè sùn, tàbí kí àwọn ọkọ̀ ọ̀tá lè sáré tẹ̀ lé wọn, kí àwọn Lancaster, ọkọ̀ ajubọ́ǹbù ńlá, lè rí ọ̀nà gbà níbòmíràn.

Níbẹ̀rẹ̀, Cross àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tilẹ̀ ń fò lójú ọ̀sán ní ìsàlẹ̀ pátápátá, ní nǹkan bí 50 ẹsẹ̀ bàtà sílẹ̀. Ẹ wo orí igi àràbà kan, ọkọ̀ náà ń gba abẹ́ rẹ̀ kọjá. Ní irú ìsàlẹ̀ bẹ́ẹ̀, ní eré bẹ́ẹ̀, odò, afárá àti ojú irin ń sá kọjá kí èèyàn tó ṣẹ́jú, atọ́nà sì gbọ́dọ̀ mọ èyí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá.

Ẹni tó bá ti lọ ní ìgbà 30 nínú Bomber Command, apá RAF tó ń ju bọ́ǹbù, ni wọ́n máa ń ní kó lọ sinmi. Cross ní òun kò fẹ́. Ó dé 50, wọ́n tún ní kó sinmi, ó tún kọ̀. Ìgbà 80 ló lọ, nǹkan bí 20 nínú rẹ̀ sì jẹ́ Berlin. Òótọ́ ni pé Mosquito kì í sábà já bọ̀ bíi Lancaster tàbí Halifax, ẹni tó bá ń sọ ìtàn yìí gbọ́dọ̀ sọ ìyẹn. Ṣùgbọ́n nínú nǹkan bí 125,000 èèyàn tó wọ ọkọ̀ Bomber Command nígbà ogun yẹn, 55,573 ló kú. Ẹni tó bá mọ ìṣirò bíi Cross kò lè ṣàìmọ ohun tí iye yẹn ń sọ. Èmi ò gbà pé ìgboyà orí kunkun ló mú un padà lọ. Mo rò pé ó mọ̀ pé òun mọ iṣẹ́ náà, pé bí òun bá jókòó, ẹni tí kò mọ̀ ọ́n tó òun ló máa di pẹ́ńsùlù mú.

Lọ́jọ́ kan, ìbọn bà wọ́n lókè Jámánì, ẹ́ńjìnnì kan kú. Wọ́n fi ẹyọ kan tó kù fò padà wá sí England. Òkè tí wọ́n wà ń dínkù bí wọ́n ṣe ń lọ, nítorí ẹ́ńjìnnì kan kò lè gbé e dúró lókè réré. Nígbà tí wọ́n dé Swanton Morley ní Norfolk, ọkọ̀ já wọ inú kòtò ńlá kan tí wọ́n ti ń wa òkúta nígbà kan rí, tí wọ́n ti pa tì. Òun àti Crampton jáde láàyè. Cross sọ lẹ́yìn náà pé ẹ̀rù bà òun gidigidi lọ́jọ́ yẹn, ṣùgbọ́n pé èèyàn kì í rò pé òun gan-an ló máa kú. Ohun tí mo máa ń rò ní tèmi ni àsìkò kí wọ́n tó dé kòtò yẹn: ọkọ̀ ń rọra lọ ju bó ṣe yẹ lọ, gbogbo eré tó kọ sílẹ̀ kó tó kúrò nílé ti yí padà, afẹ́fẹ́ tó wà nísàlẹ̀ kì í ṣe èyí tó wà lókè, òkun sì ń bẹ níwájú wọn. Ó ní láti tún gbogbo ìṣirò náà ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀ nínú ọkọ̀ tó ń gbọ̀n.

Mi ò lè sọ ìtàn yìí kí n má dárúkọ àwọn tó wà nísàlẹ̀. Ìlú làwọn ibi tí iná yẹn ń bọ́ sí, èèyàn ló ń gbé ìlú. Ní Hamburg nìkan, nígbà tí RAF kọlù ú ní ìparí oṣù Keje 1943, ó lé ní 30,000 èèyàn tó kú, obìnrin àti ọmọdé pọ̀ nínú wọn. Mo gbà pé ó yẹ kí wọ́n ṣẹ́gun Hítílà, mo sì mọ ohun tí ìjọba rẹ̀ ń ṣe fún àwọn Júù àti ohun tí wọ́n ń rò nípa àwọ̀ tèmi. Ikú àwọn ọmọ yẹn ṣì ń dùn mí. Méjèèjì wà lọ́kàn mi, mi ò sì fẹ́ yọ ìkankan kúrò.

Ipò Squadron Leader ni Cross dé kí ogun tó parí, ó sì ṣiṣẹ́ díẹ̀ lórí ọ̀ràn àwọn ọmọ ogun tó wá láti àwọn ilẹ̀ tí Gẹ̀ẹ́sì ń ṣàkóso. Lẹ́yìn náà ló kọ́ ìmọ̀ òfin, ó di lọ́yà ní Middle Temple, ọ̀kan lára àwọn ẹgbẹ́ lọ́yà ní London, ní 1949. Ó ṣiṣẹ́ fún BBC. Ibi tó wá yà mí lẹ́nu ni pé ilẹ̀ wa ló forí lé lẹ́yìn ìyẹn. Ó ṣe lọ́yà ìjọba ní Ghana lẹ́yìn tí Ghana gba òmìnira, ó sì kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní òfin níbẹ̀. Láti 1960 sí 1966 ó wà ní Cameroon, níbi tó ti di agbẹjọ́rò àgbà fún apá ìwọ̀-oòrùn, apá tí Gẹ̀ẹ́sì ń ṣàkóso pọ̀ mọ́ Nàìjíríà tẹ́lẹ̀. Ó ṣe adájọ́ ní Tanzania. Ní 1971 ló padà sílé, ó jẹ́ adájọ́ títí dé ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn, ó tún ṣe aṣojú orílẹ̀-èdè rẹ̀ ní London láti 1990 sí 1993. Ní 2011, wọ́n sọ ibùdó àwọn ọmọ ogun òfuurufú Trinidad tó wà ní Piarco ní orúkọ rẹ̀. Ó kú ní ọjọ́ 4 oṣù Kẹwàá 2013, ẹni ọdún 96.

Mo ti sọ ọ̀nà Norfolk sí Berlin di iṣẹ́ àṣetiléwá fún àwọn ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi. GPS ni wọ́n bá láyé, orí ẹ̀rọ ni wọ́n ti ń rí gbogbo nǹkan. Mo fún wọn ní máàpù, rúlà, prótírátọ̀ àti aago, mo sọ eré ọkọ̀ àti afẹ́fẹ́ fún wọn, mo sì yí afẹ́fẹ́ náà padà nígbà tí wọ́n ti dé ìdajì. Ọ̀kan nínú wọn, ọmọbìnrin kan tó yára gan-an, ló kọ́kọ́ parí; ibi tó fi Berlin sí bọ́ sínú òkun Baltic. Ó bínú, ó ní kí n jẹ́ kí òun tún un ṣe. Ó tún un ṣe lẹ́ẹ̀mejì, ó dé ibẹ̀. Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ màá gbé ìbéèrè náà síbí pẹ̀lú gbogbo iye rẹ̀, kí ẹni tó bá fẹ́ lè dán an wò. Bí bàbá tàbí bàbá àgbà yín bá wà lára àwọn ọmọ wa tó ṣiṣẹ́ pẹ̀lú RAF nígbà ogun yẹn, yálà ó wọ ọkọ̀ tàbí ó ń tún ẹ́ńjìnnì ṣe nílẹ̀, ẹ jọ̀wọ́, ẹ kọ ìtàn rẹ̀ sílẹ̀ ní Yorùbá kí ẹ sì fi ránṣẹ́. Màá kà á.